Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, àgbàlagbà tó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ó ní apá kan tí a kì í yẹ̀ wò: ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló fi ń yin àgbà. Ta ló ń ròyìn orí tí kò wọ́? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn rí, òun náà sì máa ń lókìkí. Ìfọkàntán ló ń fún un ní òkìkí náà, kì í ṣe ìdán ẹsẹ̀.

Ẹ wo ife Áfíríkà ọdún 1980 ní Èkó. Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3–0 ní àṣekágbá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Síbẹ̀ Christian Chukwu, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn àti balógun ikọ̀ tí kò gbá ẹyọ kan sáwọ̀n, ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, góòlù kan ṣoṣo ló wọ ilé wa. “Chairman” làwọn èrò ń pè é, wọn ò sì pè é bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ẹnìkan lè ní góòlù náà ni, pé William Troost-Ekong, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa, kì bá tí gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2024 bí kò bá gbá mẹ́ta wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ Ademola Lookman, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, náà gbá mẹ́ta, wọn ò sì mú un. Ohun tí Ekong fi jù ú lọ ni ẹ̀yìn tó ṣọ́: góòlù méjì péré ló wọlé wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà kí á tó dé àṣekágbá.

Àtakò tó le ju èyí lọ ni ti Godwin Odiye, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mìíràn. Lọ́dún 1977, ní Èkó, ó ṣèèṣì fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú ilé wa, Tùnísíà na wá ní 1–0, ife àgbáyé 1978 sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Títí dòní, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ orúkọ rẹ̀. Ìwà ìkà ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n kò bi ọ̀rọ̀ mi ṣubú: atamátàsé lè ṣi márùn-ún gbá ká sì dárí jì í lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tí a fọkàn tán ni àṣìṣe rẹ̀ ń dunni pẹ́.

Ìfọkàntán yìí máa ń pẹ́ ju orí pápá lọ. Ní Japan, wọ́n ní ìbòjú tí Tsuneyasu Miyamoto, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn, fi bo imú rẹ̀ tó ṣẹ́ nígbà ife àgbáyé 2002 ló sọ ọ́ di àyànfẹ́. Imú jinná, ìbòjú kúrò lójú. Síbẹ̀, ní 2024 ó di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dọ̀ tiwa, Chukwu ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a gba ipò kẹta nínú ife Áfíríkà ní 2004. Stephen Keshi, òun náà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ni balógun nígbà tí a gba ife Áfíríkà ní 1994. Òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a tún gbà á ní 2013.