Ìtàn Ìwádìí Ayọ̀ Nínú Ọpọlọ, fún Àwọn Ọmọ Pedro

Àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọdé kò fẹnu kò lórí ohun tó ń mú inú ẹni dùn. Òmíràn ní dopamine ni, òmíràn ní serotonin ni, èròjà méjì tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Ọmọ tó bá ń béèrè ní Pedro, nítòsí Ṣómólú tí ilé ìtẹ̀wé kún fọ́fọ́, yẹ kó rí ìdáhùn tó dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí mo fi kó ìtàn náà jọ.

Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́ ti kọ ọ́ pé inú ọpọlọ layọ̀ ti ń wá. Lọ́dún 1954, ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, James Olds àti Peter Milner ki wáyà tín-ín-rín bọ ọpọlọ eku. Eku náà lè fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀pá kan kí iná mànàmáná díẹ̀ gba wáyà náà wọlé. Ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 700 lọ láàárín wákàtí kan. Kíá làwọn èèyàn ní a ti rí ojúkò adùn.

Ní 1957 ni wọ́n rí dopamine nínú ọpọlọ. Bóyá Kathleen Montagu ló ṣáájú ni o, bóyá Arvid Carlsson ni, n kò ní fi àkókò ọmọdé ṣòfò lórí ìyẹn. Àríyànjiyàn tó tó gbé wò ni pé: ṣé dopamine gan-an ni adùn? Lọ́dún 1989, Kent Berridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan mú àwọn eku tí dopamine wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn eku náà kò wá oúnjẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùwádìí bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń lá ètè bíi tàwọn eku yòókù. Adùn ṣì wà. Ìfẹ́ láti lọ wá a ló lọ. Wolfram Schultz náà rí i lára ọ̀bọ pé bí ọ̀bọ bá ti mọ àmì tó máa ń ṣáájú omi èso, àmì náà ló ń ru dopamine sókè. Ọ̀dọ̀ Berridge ni mo wà. Ẹ sọ fọ́mọ pé: nígbà tí ìtasánsán àkàrà bá gba àdúgbò, tí ẹsẹ̀ rẹ yá, dopamine nìyẹn. Tó o bá wá ń jẹ ẹ́, àwọn èròjà mìíràn ló ń ṣiṣẹ́, lára wọn ni àwọn tó jọ morphine tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀, irú èyí tí John Hughes àti Hans Kosterlitz rí ní Aberdeen lọ́dún 1975.

Àwọn ìwé òkèèrè kì í sábà dárúkọ ilẹ̀ wa bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ọpọlọ àti ìtọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba, tí kò jìnnà sí Pedro, ṣí lọ́dún 1907.  Ní 1954 kan náà, dókítà ọpọlọ T. A. Lambo gba ìṣàkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, ó sì jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ó ń lo oògùn òyìnbó o, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹbí wà lára ìwòsàn.

Ti serotonin kúrú: wọ́n yọ ọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ní 1948, Betty Twarog bá a nínú ọpọlọ lẹ́yìn náà, àmọ́ inú ìfun lèyí tó pọ̀ jù wà. Lónìí, ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ ń fi hàn pé ojúkò púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí inú èèyàn bá dùn.