Arọ́pò Lórí Pápá: Ìtàn Àríyànjiyàn Lórí Òfin Ìpààrọ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Ìfáàrà

Bí oòrùn bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ohun tuntun kí ènìyàn rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ iyanrìn ní Gbaji, ní agbègbè Àgbádárìgì. Bí ó bá rẹ ọ̀kan nínú wọn, yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn yóò sì gba ipò rẹ̀. Bí ó bá sinmi tán, yóò tún padà wọlé. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá òfin fàyè gbà á. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1863 tí wọ́n ti kọ òfin bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ìlú London, ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí arọ́pò wọ pápá.

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ òfin náà láti ìgbà tí kò sí arọ́pò títí di ìgbà tí arọ́pò di márùn-ún. Ó fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí àríyànjiyàn náà. Èkíní ni pé, kí ni ó yẹ kí a ṣe fún ẹni tí ó farapa? Èkejì ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a yọ ẹni tí ara rẹ̀ le kúrò, kí a sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nítorí pé onítọ̀hún mọ nǹkan kan ṣe jù ú lọ? Ìdí tí ìjà náà kò fi tán bọ̀rọ̀ ni pé àwọn ènìyàn a máa fi ìdáhùn ìbéèrè kan dáhùn èkejì.

Ìgbà tí kò sí arọ́pò

Èrò tí ó wà nídìí òfin àtijọ́ ni pé ìdíje jẹ́ ìdánwò fún àwọn mọ́kànlá tí a yàn. Àwọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn náà ni yóò parí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn mẹ́wàá tó kù ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945, òfin yìí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ nígbà náà, ń lò nínú ìdíje rẹ̀.

Àṣekágbá Ife FA ní Wembley ló kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé rí ibi tí bàtà náà ti ń ta ẹsẹ̀. Ní 1952, Walley Barnes ti ẹgbẹ́ Arsenal farapa, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ènìyàn mẹ́wàá jìjàkadì títí Newcastle fi gbá ayò kan ṣoṣo wọlé. Ní 1955, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Jimmy Meadows ti Manchester City. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bert Trautmann, aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà, fi ọrùn gbá alátakò, ó sì ṣọ́lé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tó kù. Ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n tó mọ̀ pé eegun ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ní 1957, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ray Wood, aṣọ́lé Manchester United, ṣẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Jackie Blanchflower, tí kì í ṣe aṣọ́lé, ló bọ́ sí ojúlé. Aston Villa borí pẹ̀lú ayò méjì sí ẹyọ kan.

Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń yin Trautmann fún ìgboyà rẹ̀. Ìyìn náà tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn kan náà jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bèèrè fún arọ́pò, nítorí pé òfin tí ó ń sọ ọrùn ṣíṣẹ́ di ohun ìwúrí kò lè wà láìní àbùkù. Ní 1966, nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, gbogbo ayé tún rí Pelé tí ó ń tiro kiri pápá ní Liverpool nígbà tí Portugal lu Brazil ní ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí òfin gbà láàyè láti rọ́pò rẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1965, Keith Peacock ti Charlton Athletic wọlé rọ́pò Mike Rose, aṣọ́lé tí ó farapa, nínú ìdíje pẹ̀lú Bolton. Òun ni arọ́pò àkọ́kọ́ nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arọ́pò kan péré ni òfin tuntun náà gbà, ó sì di ìgbà tí ènìyàn bá farapa.

Ìṣòro kò pẹ́ yọjú. Ta ni yóò sọ pé ẹnì kan farapa ní tòótọ́? Agbábọ́ọ̀lù tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ fẹ́ yọ lè ṣubú kí ó di itan mú. Nítorí náà, wọ́n yọ gbólóhùn ìfarapa kúrò láìpẹ́, wọ́n sì gbà kí ìpààrọ̀ wáyé fún ìdí yòówù kó jẹ́. Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè kejì ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àánú ló ṣí ilẹ̀kùn náà, ọgbọ́n ìjà sì tẹ̀ lé e wọlé.

Nígbà tí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé wáyé ní Mexico ní 1970, arọ́pò méjì ni òfin gbà. Ní 1995, ó di mẹ́ta. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2014, Louis van Gaal fi hàn bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àfikún àkókò parí láàárín Netherlands àti Costa Rica, ó yọ Jasper Cillessen kúrò lójúlé, ó sì fi Tim Krul wọlé nítorí pẹ́nárítì nìkan. Krul gbá pẹ́nárítì méjì dànù, Netherlands sì borí. Cillessen kò farapa rárá.

Àpẹẹrẹ láti inú bésíbọ́ọ̀lù

Eré bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti lè rí ìbéèrè kejì yìí ní ìhòòhò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin àtijọ́ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣọ́ pápá gbọ́dọ̀ gba igi mú, kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ó bá kàn án. Ṣùgbọ́n ajubọ́ọ̀lù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ju bọ́ọ̀lù sí àwọn alátakò, kì í sábà mọ bí a ti ń fi igi gbá a. Láti 1906 ni Connie Mack ti dábàá pé kí ẹlòmíràn máa gbá bọ́ọ̀lù dípò ajubọ́ọ̀lù. Ní 1928, John Heydler, olórí líìgì National, tún gbé àbá náà dìde, àwọn líìgì American ni kò sì fara mọ́ ọn. Ní 1973, ọ̀rọ̀ yí padà bìrí: líìgì American ló gba òfin afigigbá àyàn wọlé, líìgì National ló kọ̀ ọ́. Ron Blomberg ti ẹgbẹ́ Yankees ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún yẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí líìgì méjèèjì fi ń fi òfin méjì ṣe eré kan. Àwọn alátìlẹ́yìn òfin náà ní ìgbádùn òǹwòran ni kí ẹni tó mọ igi í gbá máa gbá a. Àwọn alátakò ní ẹni tí ó ń gbá igi tí kì í ṣọ́ pápá kì í ṣe odindi eléré, àti pé òfin náà ń gba iṣẹ́ ìrònú lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àrùn Kòrónà ló mú kí líìgì méjèèjì lò ó ní 2020. Ní 2022 ó di òfin fún gbogbo wọn títí lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún òfin ṣe nítorí Shohei Ohtani, tí ó mọ bọ́ọ̀lù í jù tí ó sì tún mọ igi í gbá, kí ó lè máa gbá igi lọ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣíwọ́ jíjù. Òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ó mọ ẹyọ iṣẹ́ kan wá ní láti yẹ̀ fún ẹni tí ó mọ méjèèjì.

Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn tó fẹ́ òfin náà lè fi òwe yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà: ilé kan náà ni ọmọdé àti àgbàlagbà inú òwe náà ń gbé, kò sí ẹni tí a yọ kúrò nílé kí ìkejì tó wọlé.

Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré National Stadium ní Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola figagbága. Kò sí ẹni tí ó kọlù ú. Ó kú, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ àti pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìpààrọ̀ ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohun tí ikú rẹ̀ kọ́ni ni pé òfin arọ́pò nìkan kò tó. Ó lè gbani láàyè láti yọ aláìsàn kúrò. Kò lè fi ojú rí àìsàn náà.

Ìbéèrè kejì náà kò yọ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 2020, nítorí àrùn Kòrónà, àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù àgbáyé gbà kí arọ́pò di márùn-ún. Ní 2022, wọ́n sọ ọ́ di òfin títí lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, nínú ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire, Kelechi Iheanacho tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò ló gbá pẹ́nárítì tí ó gbé Super Eagles kọjá South Africa lọ sí àṣekágbá. Inú gbogbo Nàìjíríà dùn. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Premier League ti kọ arọ́pò márùn-ún fún sáà 2020 sí 2021, kí wọ́n tó gbà á fún sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ẹ̀rù ń ba àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pé ẹgbẹ́ olówó, tí àwọn arọ́pò rẹ̀ pàápàá jẹ́ ògbóǹtarìgì, ni yóò jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àròsọ lásán.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà àbáyọ ti ń hàn díẹ̀díẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti ń dán arọ́pò àkànṣe wò fún ẹni tí a bá fura pé ọpọlọ rẹ̀ farapa nígbà tí orí rẹ̀ gbá nǹkan. Ní 2024, ó wọ inú ìwé òfin. A kì í ka arọ́pò bẹ́ẹ̀ mọ́ iye tí ẹgbẹ́ ní. Èyí ni pé, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀: ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ìjà rà mọ́.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún olùkọ́ tí yóò kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí pápá. Bí ọmọ kan bá ń tiro, ìbéèrè kìíní nìkan ló wà nílẹ̀; ayò tí ẹgbẹ́ nílò kò sí nínú rẹ̀. Bí ara gbogbo wọn bá le, ìbéèrè tó kàn ni ta ni kò tíì gbá bọ́ọ̀lù lónìí, kí a tó bèèrè ta ni ó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ìwé òfin pàápàá gbà nísinsìnyí pé nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àti ti àdúgbò, bí àjọ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i, ẹni tí ó jáde lè padà wọlé. Ohun tí àwọn ọmọ Gbaji ń ṣe lórí iyanrìn nìyẹn.