Iná Inú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Ojú

Ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti mọ̀ pé títẹjú mọ́ oòrùn léwu. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé Plato, ará Gíríìkì, Socrates mẹ́nu kan àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ nítorí pé oòrùn gan-an ni wọ́n wò nígbà tí òṣùpá bò ó, dípò àwòrán rẹ̀ nínú omi. Iná tí oníṣègùn fi ń la ojú ẹlòmíràn ńkọ́? Ta ni yóò fura sí i?

Ní 1747 tí Jacques Daviel, oníṣègùn Faransé, yọ dígí inú ojú tí kátárátì ti sọ di funfun, ayé kò tíì máa fi iná mànàmáná tan ìmọ́lẹ̀. Harold Ridley fi dígí àtọwọ́dá rọ́pò ti àbínibí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Bí ọdún ti ń lọ, iṣẹ́ náà di ohun tí ojú lásán kò tó ṣe mọ́. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ilé-iṣẹ́ Zeiss ti Jámánì gbé tirẹ̀ jáde ní 1953. Iná ara awò náà ń tàn rokoṣo sínú ojú aláìsàn.

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì wo oòrùn yóò ṣẹ́jú, yóò sì yí orí kúrò. Aláìsàn yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti mú ẹyinjú rẹ̀ dúró sójú kan. Oògùn ti mú ihò ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀. Dígí àbínibí tí ìbá dá ìtànṣán búburú dúró ni wọ́n sì ti yọ. Tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn inú ojú tí a fi ń ríran.

Ní 1966, Werner Noell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi eku hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí kò gbóná tó láti jó ara lè pa rẹ́tínà bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1976, William Ham fi ọ̀bọ hàn pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù léwu ju pupa lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ó di 1983 kí McDonald àti Irvine tó ròyìn ìbàjẹ́ yìí lára àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kátárátì fún. Àmì tó rí bí ẹyin ni, ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni ó sì máa ń yọ. Bí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, aláìsàn lè má mọ̀ rárá. Bí ó bá bọ́ sí àárín gan-an, ẹni tí ó wá gba ojú yóò máa rí àbàwọ́n dúdú láàárín lẹ́tà tí ó ń kà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dín agbára iná kù, tí wọ́n ń fi nǹkan bo ojú nígbà tí ọwọ́ bá dúró, tí wọ́n sì ń sé ìtànṣán búburú mọ́ inú awò. Ṣùgbọ́n wọn kò lè pa iná náà: awọ tí ó wà lẹ́yìn dígí ojú tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, oníṣègùn tí kò bá sì rí i dáadáa lè fà á ya.