ÌṢIRÒ ÀTIJỌ́ TÍ Ó TÚN ÌPÌLẸ̀ GBỌ̀NGÁN WA ṢE

Àwọn tí ń ṣe ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ìtàn díẹ̀ sí i. Oníṣòwò ni wá, ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó bọ́ sí ọjà. Nítorí náà ìtàn ìṣirò ni a mú wá. Ìṣirò ni oúnjẹ wa, òun náà ni kò sì jẹ́ kí gbọ̀ngán tí a tìtorí rẹ̀ péjọ lónìí wọ́.

Yàrá ìpàdé tí ó wà níwájú gbọ̀ngán náà jẹ́ ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ní òòró, ọgbọ̀n ní ìbú. Nígbà tí àwọn birikilà gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ tán, a fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ pé ọgbọ̀n. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní kí a wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tí ó kọjú sí i. Ọ̀kan jẹ́ 44 ẹsẹ̀ bàtà, èkejì kò pé 41. Ìpìlẹ̀ ti wọ́! Bí a bá ti mọ ògiri lé e lórí, òrùlé kì bá tí jókòó dáadáa, owó tí ẹgbẹ́ fi ọdún pípẹ́ kó jọ ì bá sì ṣòfò. A bi í pé mélòó ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ó ní 42 ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì 5, ọ̀nà méjèèjì. A ní báwo ni ó ṣe mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìmọ̀ náà ti lé ní 3,500 ọdún.

Ní ilẹ̀ Bábílónì, tí í ṣe Ìráàkì òde òní, àwọn akọ̀wé a máa kọ̀wé sórí amọ̀ tútù, bí ọmọ ilé kéú ti ń kọ̀wé sórí wàláà. Ọ̀kan nínú wàláà amọ̀ wọn wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láàárín ọdún 1800 sí 1600 kí a tó bí Jésù ni a kọ ọ́. Àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì tí ó dábùú láti igun dé igun. Wọ́n kọ 30 sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa Yorùbá ń fi ogún kà, ọgọ́ta wa sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Àwọn ará Bábílónì fi ọgọ́ta gan-an ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìlà náà ni 1, 24, 51, 10: ìyẹn ni 1, pẹ̀lú ìdá 24 nínú 60, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń fi 60 pín in wẹ́wẹ́ lọ. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yìí lọ́nà ara rẹ̀, 2 ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gẹ́lẹ́. Ohun tí ó fi dín sí èyí tí ó péye kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá fi lọ́nà 30, 42 àti díẹ̀ ni. Wọ́n kọ òun náà síbẹ̀: 42, 25, 35. Ẹ ò rí i? Akọ̀wé Bábílónì ti wọn yàrá wa sílẹ̀ dè wá!

Wàláà náà kò sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ẹni tí ó kọ ọ̀nà sílẹ̀ kedere ni Heron ará Aleksáńdríà ní Íjíbítì, nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Metrica, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní lẹ́yìn tí a bí Jésù. Ìwé náà sọnù pẹ́ títí, ọdún 1896 ni wọ́n tó rí i ní ìlú tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Heron fẹ́ mọ bí ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan ti tóbi tó, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 7, 8 àti 9. Iṣẹ́ náà já sí wíwá nọ́ńbà tí yóò fi lọ́nà ara rẹ̀ kí ó tó jẹ́ 720. Ó mú 27, nítorí 27 lọ́nà 27 jẹ́ 729, ó lé díẹ̀. Ó fi 27 pín 720, ó rí 26 àti ìdá 2 nínú 3. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó pín in sí méjì, ó jẹ́ 26 àti ìdá 5 nínú 6. Ẹ fi èyí lọ́nà ara rẹ̀: 720 ni, ìdá 1 péré nínú 36 ni ó fi lé. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi èyí tí a rí tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Ẹni tí ń tà pe owó gọbọi, ẹni tí ń rà dá iye kékeré, iye tí ó tọ́ sì wà láàárín. 27 pọ̀ jù. Nítorí pé ó pọ̀ jù, ohun tí a rí nígbà tí a fi pín 720 kò lè ṣàì kéré jù. Ṣùgbọ́n ní ọjà, bí a bá ti gbà, ó parí. Nínú ìṣirò, a lè nájà náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, àlàfo náà yóò sì máa dín kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Orí àpò sìmẹ́ǹtì ni a ti ṣe tiwa. Fún 2, a mú 1. Fi 1 pín 2, ó jẹ́ 2. Agbedeméjì 1 àti 2 ni 1 àti ìdajì. Fi ìyẹn pín 2, ó jẹ́ 1 àti ìdá 1 nínú 3. Agbedeméjì wọn ni 1 àti ìdá 5 nínú 12. Ẹ fi lọ́nà 30: 42 ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì 6. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, a rí 577 tí a fi 408 pín, ínǹṣì 6 sì di 5 àti díẹ̀. A fa okùn, a tún ìpìlẹ̀ gbẹ́, ó sì dúró gán-ín.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọmọ tí a rán lọ sí ilé ìwé ni ó gba owó wa sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ná owó fún gbọ̀ngán yìí lónìí, ẹ rántí yàrá ìkàwé àwọn ọmọ tí ó wà nínú àwòrán rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kẹ́yìn. Ọlọ́run yóò bù sí àpò wa. Àmín.