Ààrò Mẹ́ta Kì í Dọbẹ̀ Nù: Ìtàn Sinimá Alápá Mẹ́ta àti Ọjà Sinimá ní Lẹ́kì àti Ajah

Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn sinimá, méjì ló gbilẹ̀ jù: èkíní ni pé èwo ló jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn sinimá alápá mẹ́ta, tí ìtàn kan ń ṣàn láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kí ó tó fàbọ̀ sínú ẹ̀kẹta, èkejì ni pé èwo ni yóò pawó jù nínú àwọn tí wọ́n máa ń gbé jáde lásìkò tí ọjà bá kún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n máa ń fi ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ méjèèjì, tí wọn yóò máa ka The Godfather ti ọdún 1972, 1974 àti 1990, tàbí Star Wars ti 1977, 1980 àti 1983, tàbí The Lord of the Rings tó jáde láàrin ọdún 2001 sí 2003, èyí tí apá kẹta rẹ̀ gba ẹ̀bùn Oscar 11. Ìjiyàn náà dára, àmọ́ ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, arómi-sá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibi tí ìtàn náà sì ti ń jà ràn-ìn lónìí ni ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, láti Ìrù àti Ìkàtẹ́ títí dé Ajah àti Sangotẹdo.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí àwòrán tó ń rìn, nínú Gbọ̀ngàn Glover. Láti ìgbà náà títí òmìnira fi dé, tó sì tún kọjá, àlejò ló ń sọ ìtàn, àwa là ń jókòó wò ó, ìbáà jẹ́ ti àwọn òyìnbó agẹṣin tó ń yìnbọn, ìbáà jẹ́ ti àwọn ará Índíà tó ń kọrin káàkiri orí òkè. Ọdún 1976 ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní èdè Yorùbá, tí Dúró Ládípọ̀ àti Adéyẹmí Afọ́láyan tí a mọ̀ sí Adé Love kópa nínú rẹ̀. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ń jà fún ilẹ̀ ogún bàbá rẹ̀ tí olówó kan ti gbẹ́sẹ̀ lé. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò tún yọjú níwájú.

Lẹ́yìn èyí ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, baba eré orí ìtàgé, gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, tí Jáíyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980. Nínú méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ni Òṣètúrá, babaláwo tó ń bá àwọn ayé jà nítorí ìlú, nípa bẹ́ẹ̀ àwọn òǹwòran wa ti mọ adùn kí èèyàn padà wá bá ẹni tí ó mọ̀ nínú ìtàn kan kí ọ̀rọ̀ fídíò tó dé rárá. Ní àsìkò náà, ẹni tó ṣe sinimá kì í fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbé e sínú ọkọ̀, tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun dání, tí wọn yóò máa ti gbọ̀ngàn ìlú kan bọ́ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé mìíràn títí dé National Theatre ní Ìgànmú. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ hàn gbangba nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá aláwàdà, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982: àwọn olè rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri ìgboro, gbèsè sì dọ́rùn ẹni tó ṣiṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì àti apá kejì

Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, owó téèpù sinimá àti owó tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́ lókè òkun kọjá agbára àwọn oníṣẹ́ wa. Ẹ̀rù àwọn adigunjalè sì mú kí àwọn ènìyàn jókòó sílé lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá di ilé ìjọsìn, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: fídíò gba ipò sinimá, àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà àti Alábà sì di ọba lórí rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Living in Bondage ti Kenneth Nnebue ti fi hàn ní 1992 pé owó ńlá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà yìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí sinimá alápá méjì, alápá mẹ́ta. Kò yẹ kí a tan ara wa jẹ: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọjà ló pín ìtàn, kì í ṣe ìtàn ló pín ara rẹ̀. Ibi tí inú òǹwòran bá ti ń gbóná jù, tí ìyàwó ilé ti fi ọwọ́ mú ọ̀bẹ tàbí tí ọkọ ti ń kan ilẹ̀kùn, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán yóò ti dúró, tí ìkọ̀wé yóò sì jáde pé kí a máa retí apá kejì. Ẹni tó bá ti ra ti àkọ́kọ́ kò ní í ṣàìra èyí tó kù, oníṣòwò a sì gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n nínú ọjà yìí kan náà ni iṣẹ́ àgbà ti jáde. Láti ọdún 1993 ni Túndé Kèlání ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde, apá mẹ́ta ni, Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé sì ni ọ̀gá òṣèré inú rẹ̀. Ìjòyè kan lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn kan, wọ́n ta ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ti kà léèwọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo sórí rẹ̀. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjòyè náà sì ń sá kiri bí ẹni pé ẹsẹ̀ ènìyàn lè yá ju ẹ̀san lọ. Ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bálẹ̀ lọ, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Kèlání kan náà ló gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn wọn, ṣùgbọ́n méjì péré ni àwọn wọ̀nyí.

Bí sinimá ṣe dé Lẹ́kì

Nígbà tí Ògúndé ń gbé sinimá kiri, ẹrẹ̀, igbó àti abúlé apẹja ló pọ̀ jù ní agbègbè Lẹ́kì. Títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1980 ló ṣí ilẹ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun fi katakata wó àdúgbò Màrókò ní agbègbè náà palẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì di aláìnílé. Lẹ́yìn náà ni iye owó ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, tí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti ajagungbalẹ̀ sì di ohun tí ará Ajah ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbọ́ ìró ọkọ̀. Ìtàn tí Kèlání sọ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn rárá.

Ní 2004 ni Silverbird Galleria ṣílẹ̀kùn ní Victoria Island, tí wíwo sinimá nínú gbọ̀ngàn tún padà di fàájì àwọn ará Èkó. Kò pẹ́ tí ilé ìtajà The Palms fi dìde ní àbáwọlé Lẹ́kì, tí sinimá sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2016, ilé ìtajà Novare ṣí ní Sangotẹdo. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Filmhouse ṣí gbọ̀ngàn sinimá IMAX sí Lẹ́kì, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ilé ti ń sún lọ síhà Ajah ni sinimá náà ń tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ má baà fi wákàtí méjì jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nítorí sinimá wákàtí méjì.

Àsìkò ọjà wa

Ní Amẹ́ríkà, ìgbà ooru ni ọjà sinimá, láti ìgbà tí Jaws ti jáde ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 1975 tí èrò sì tò gbọọrọ síwájú ilé sinimá. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà àti ìkeje tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ wọn ni òjò ń ya bolẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá rántí oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí omi bo òpópónà Lẹ́kì tí ọkọ̀ ń wọ́ nínú rẹ̀, yóò mọ̀ pé kò sí ìpolówó tó lè fa èèyàn jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wà lọ́lidé ni wọ́n máa ń ra gúgúrú ní ìgbà òjò, sinimá òkèèrè ni wọ́n sì máa ń wò jù.

Oṣù Kejìlá ni ọjà tiwa, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí àwọn ọmọ wa ti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto ti dé, tí ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò lọ. The Wedding Party ti Kẹ́mi Adétìbà kọ́ gbogbo ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí ní 2016, nígbà tí ó pa owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Apá kejì rẹ̀ tún pa irú iye bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni Fúnkẹ́ Akíndélé gba ọjà. Ọmọ Ghetto rẹ̀ ti ọdún 2010, tó jẹ́ fídíò alápá mẹ́ta, ló tún jí dìde sínú Omo Ghetto: The Saga ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, tó sì pa 636 mílíọ̀nù náírà lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ti ilé sinimá pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. A Tribe Called Judah ti oṣù Kejìlá 2023 ni sinimá Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Everybody Loves Jenifa ti oṣù Kejìlá 2024 sì kọjá bílíọ̀nù kan àti 800 mílíọ̀nù.

Síbẹ̀, kí òǹkàwé má fi iye náírà nìkan wọn èrò. Láàrin 2020 sí 2024, náírà ti já wálẹ̀ gan-an, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ti lọ sókè, nítorí náà bílíọ̀nù kan kò túmọ̀ sí pé àwọn òǹwòran di ìlọ́po méjì. Ilé sinimá yóò mú ìpín tirẹ̀, olùpín yóò mú tirẹ̀, ìjọba yóò gba owó orí, kí ìyókù tó dé ọwọ́ ẹni tó ya sinimá. Ó sì yẹ kí a rántí pé Àgésinkólé ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, tó pa owó tó lé ní 300 mílíọ̀nù náírà láìdúró de Kérésìmesì. Bí gbogbo wa bá ń dà gìrọ́gìrọ́ sínú oṣù kan ṣoṣo, àwa fúnra wa ni a ó máa tẹ ara wa mọ́lẹ̀.

Ìdájọ́

Ta wá ni ọ̀gá? Ọmọ Ghetto pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì fi ojú àánú wo àwọn ọmọ ìgboro. Jénífà ti 2008, The Return of Jenifa ti 2011 àti èyí ti 2024 tẹ̀ lé obìnrin kan fún ọdún 16, ọ̀pọ̀ àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ ló sì mú ọmọ dání lọ wo ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan náà ni àwọn wọ̀nyí ń tẹ̀ lé láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbésẹ̀ kan síi lójú ọ̀nà ẹ̀san. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ọbẹ̀ náà yóò dànù. Òun ni mo fi joyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tó jáde.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tó ni ilé sinimá láti Lẹ́kì dé Ajah ni pé, nígbà òjò tí àga yín bá ṣófo, ẹ fi alẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé wọn sójú ògiri ńlá tí wọn kò rí nígbà èwe wọn, kí ẹ sì dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù fún àwọn ọ̀dọ́ tí ilẹ̀ ń bà lẹ́rù láti rà. Wọn yóò wá.