Àárín Méjì: Bí Àwọn Ará Àtijọ́ Ṣe Ń Wá Gbòǹgbò Nọ́ńbà

Ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wàláà amọ̀ roboto kan wà níbẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn gbà. YBC 7289 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Babiloni, ní ilẹ̀ tó di Iraq lónìí, ló ṣe é láàárín ọdún 1800 sí 1600 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ya onígun mẹ́rin ọgbọọgba sí i, wọ́n fi ìlà dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n wá to nọ́ńbà mẹ́rin sórí ìlà náà: 1, 24, 51, 10. Ọgọ́ta ọgọ́ta ni wọ́n fi ń kà, bí wákàtí ṣe ń pín sí ìṣẹ́jú títí dòní. Ohun tí wọ́n kọ ni 1, àti 24 nínú 60, àti 51 nínú 3,600, àti 10 nínú 216,000. Ní ọ̀nà tiwa, ó jẹ́ 1.414213. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, díẹ̀ bíńtín ló kù kó pé 2. Gbòǹgbò 2 nìyẹn.

Wàláà náà kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé rẹ̀ là á yékéyéké ni Heron ará Alexandria, ní Íjíbítì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi. Ìwé rẹ̀, Metrica, sọnù pátápátá kí wọ́n tó rí ẹ̀dà rẹ̀ ní Istanbul lọ́dún 1896. Heron fẹ́ mọ bí ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan ṣe fẹ̀ tó, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 7, 8 àti 9. Ìṣirò náà gbé e dé gbòǹgbò 720. Ó ní: 27 lọ́nà 27 jẹ́ 729, ó súnmọ́ ọn, àmọ́ ó ti lé. Ẹ pín 720 sí ọ̀nà 27, ẹ ó rí 26 àti 2/3. Níwọ̀n bí 27 ti pọ̀ jù, ìkejì rẹ̀ yìí kò lè ṣàì kéré jù. Àárín wọn ni ohun tí à ń wá wà. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 26 àti 5/6. Ẹ sọ ìyẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 720 àti 1/36. Heron fi kún un pé ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó tún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wá gbòǹgbò 2. A bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìkejì rẹ̀, ìyẹn 2 tí a pín sí ọ̀nà 1, ni 2. Àárín wọn ni 3/2. Ìkejì 3/2 ni 4/3. Àárín wọn ni 17/12. Ìkejì ìyẹn ni 24/17. Àárín wọn ni 577/408. Bí a bá fi ọgọ́ta ọgọ́ta kọ 577/408, ohun tó ń jáde ni 1, 24, 51, 10, ìrù kékeré kan ló kàn tẹ̀ lé e. Kò fi dájú pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Babiloni nìyẹn, ṣùgbọ́n ìfura náà lágbára lójú tèmi. Ní Íńdíà pẹ̀lú, ìwé Baudhayana lórí bí a ṣe ń mọ pẹpẹ ìrúbọ ní kí a mú 1, ká fi 1/3 àti 1/12 kún un, ká sì yọ 1/408 kúrò. Ẹ ròó pọ̀: 577/408 náà ni.

Àárín mìíràn tún wà, èyí tí tíṣà máa ń fa igi lé bí ọmọ bá ṣe é: kí a ro nọ́ńbà òkè mọ́ ti òkè, kí a ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ìròpọ̀, àṣìṣe gbáà ni. Bí ọ̀nà àtirí ohun tó wà láàárín, kò ní àbùkù kankan. Ẹ mú 1/1 àti ìkejì rẹ̀ 2/1: ó di 3/2. Ẹ mú 3/2 àti 4/3: 7/5. Ẹ mú 7/5 àti 10/7: 17/12. Lẹ́yìn náà 41/29, 99/70, 239/169, títí tí 577/408 fi tún yọjú. Theon ará Smyrna, ní ilẹ̀ tó di Turkey, kọ àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Ẹ̀gbẹ́ àti ìdábùú ló pè wọ́n. Ó rí i pé 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, nígbà tí 5 lọ́nà 5 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 50. 17 lọ́nà 17 jẹ́ 289, nígbà tí 12 lọ́nà 12 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 288. Ẹyọ kan ló máa ń dín tàbí kó lé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láé. Ìgbésẹ̀ méje ni ọ̀nà yìí gbà dé ibi tí ti Heron fi mẹ́ta dé, ṣùgbọ́n ìròpọ̀ nìkan ló ń ná ni.

Nicolas Chuquet, tó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣègùn, tó sì ń gbé ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ di òfin tó gba gbogbo gbòǹgbò, nínú ìwé Triparty tó kọ lọ́dún 1484. Ọ̀nà tirẹ̀ kò tiẹ̀ nílò pípín: ẹ wá ìdá kan tó kéré jù àti ọ̀kan tó pọ̀ jù, ẹ ro òkè mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ yẹ ohun tó jáde wò bóyá ó lé tàbí ó dín, kí ẹ sì fi rọ́pò ẹni ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún gbòǹgbò 6, láti 2/1 àti 3/1, a rí 5/2, ó lé. 7/3 dín, 12/5 dín, 17/7 dín, 22/9 dín, 27/11 lé. Láàárín 22/9 àti 27/11 ni 49/20, tó ń fún wa ní 6.0025. Ó ń falẹ̀, kò sì lè ṣìnà. Estienne de La Roche da púpọ̀ nínú ìwé náà kọ sínú tirẹ̀ lọ́dún 1520. Ti Chuquet gan-an kò rí ilé ìtẹ̀wé títí di 1880.

Ti Heron ló borí níkẹyìn. Nígbà tí Joseph Raphson tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1690, lẹ́yìn tí Isaac Newton ti ṣe irú rẹ̀, ìlànà Heron gan-an ló ń jáde bí a bá fi wá gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ pé iye nọ́ńbà tó tọ̀nà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ń lò ó títí dòní. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí a ó fi ara rẹ̀ lọ́po lẹ́ẹ̀mẹ́ta là ń wá, ẹ sọ àbá yín di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ fi pín nọ́ńbà náà; ẹ mú àbá yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ro ohun tí ìpín náà fún yín mọ́ ọn, ẹ pín in sí mẹ́ta. Fún 100, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 5, a pín 100 sí ọ̀nà 25, ó fún wa ní 4, 5 àti 5 àti 4 jẹ́ 14, 14/3 nìyẹn. Bí a bá fi ìyẹn lọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní 101.6. Heron náà ti wá gbòǹgbò 100 yìí nínú Metrica. Ó kọ 4 àti 9/14, tó ń fúnni ní nǹkan bí 100.1.