Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Dé Àkókó

Títí di òní, ojú irin kò dé Ìkàrẹ́, kò dé Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn: agolo mílíìkì ni ìkòkò omi rẹ̀, ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà ni mo fi so ó pọ̀. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀kà, ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọ̀fà ló ti wọ̀ ọ́ lọ sí Kánò, kí wọ́n tó bí mi.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ló wà láàárín irin méjèèjì, ìyẹn mílímítà 1067.

Ìwọ̀n yẹn ni mo dì mú nísinsìnyí tí mo ń to ọkọ̀ kékeré mìíràn, èyí tí wọ́n gé irin rẹ̀, tí wọ́n sì kó o sínú páálí wá láti Ìlú Ọba. Pín in sí ọ̀nà 64, bí wọ́n ṣe dín ọkọ̀ náà kù sí, ó kù díẹ̀ kó pé mílímítà 17. Báyìí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn: iná á se omi, ooru rẹ̀ á há sínú ìkòkò, kò ní ríbi gbà àfi inú sílíńdà. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ti písítìnì síwá sẹ́yìn, tí ọ̀pá irin yóò fi máa yí ẹsẹ̀. Èédú Enugu ni bàbá mi ní wọ́n ń kó sínú iná ọkọ̀ tí òun wọ̀.

Mo ti kun ọkọ̀ kékeré mi ní dúdú. Mo tẹ́ irin rẹ̀ láti igun tábìlì tí mo kọ Ìkàrẹ́ sí dé igun tí mo kọ Ọ̀kà sí.